Ẹni Tí Kò Mọ̀ Ọ́n Ni Kí Ó Mú Ṣọ́ọ̀kì

  Ọ̀rọ̀ ìdánwò físíìsì ni mo fẹ́ bá yín sọ lójú ewé yìí, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ìkàwé tí àwa kan máa ń ṣe ní Old GRA nínú ìlú Maiduguri níbí. N kò wá láti kọ́ yín ní físíìsì; àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ pọ̀ nínú yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: nígbà tí a bá pé jọ láti ran ara wa lọ́wọ́, ta ni ó yẹ kí ó mú ṣọ́ọ̀kì kí ó sì máa sọ̀rọ̀? Ìdáhùn tèmi ni pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti bú sẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ni yóò wí?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin ná.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń ṣe é. Bí ìdánwò bá ku ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a ó kó ara wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Old GRA, níbi tí igi dógóyárò ti ṣíji bo ilẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́ ju ilé-gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. A lè tó mẹ́wàá, a lè tó ogún. Ẹni tí orí rẹ̀ pé jù lọ láàárín wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Prof, yóò mú ṣọ́ọ̀kì, yóò kọ ẹ̀yìn sí wa, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú àwọn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa yòókù yóò máa dà á kọ. Bí ó bá yíjú padà tó ní, "Ṣé ó yé yín?", gbogbo wa yóò jùmọ̀ dáhùn pé, "Ó yé wa!" bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, oníkálukú yóò kó ìwé rẹ̀ sí abíyá, ó di ilé.

Ẹ wá jẹ́ kí a ṣírò èrè ọjọ́ náà. Prof ti ka iṣẹ́ tirẹ̀ ní àkàtúnkà, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú ogún ènìyàn, ó ti rí ibi tí kò dá a lójú, ó sì ti tún un ṣe. Àwa kó àkọsílẹ̀ lọ sílé. Ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ wá ìrànlọ́wọ́ ni ìrànlọ́wọ́ tọ̀ lọ. Ẹni tó wá a kò rí ju ìwé tí ó dà kọ lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi Prof. Ó fi àkókò rẹ̀ sílẹ̀ nítorí wa, kí Ọlọ́run sì bù kún un. Ètò wa ni kò dára. Kò sí ẹni tó fi wíwo awakọ̀ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ẹni tó jókòó ti agúnyán láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀ rí, iyán lè yó o, ṣùgbọ́n kò tíì mọ iyán gún.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èrò orí tèmi nìkan. Ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ físíìsì kan wà tí ń jẹ́ Eric Mazur. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níbẹ̀ ní ọdún 1984. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń yege, wọ́n sì ń yìn ín pé olùkọ́ rere ni. Ní nǹkan bí ọdún 1990, ó ka iṣẹ́ ìwádìí kan tí Ibrahim Halloun àti David Hestenes gbé jáde ní ọdún 1985. Àwọn méjèèjì fi hàn pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló lè yanjú ìṣirò físíìsì láìjẹ́ pé físíìsì náà yé wọn rárá. Mazur rò pé tàwọn ọmọ Harvard kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó fún wọn ní irú ìbéèrè tí àwọn wọ̀nyẹn lò, ìbéèrè tí kò ní ìṣirò nínú, tó dà bí eré ọmọdé. Ẹnu yà á. Àwọn tó ń yanjú ìṣirò tó ta kókó kò lè dáhùn ìbéèrè tó rọrùn.

Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sí àdúgbò wa. Tírélà kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Damaturu, ẹrù kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Ó kọlu Kẹ̀kẹ́ NAPEP kan. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó fi ipá tó pọ̀ jù lu èkejì? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá nínú ọgbà wa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé mẹ́jọ nínú wọn yóò ní tírélà ni. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ti há òfin kẹta Newton sórí láti ilé-ìwé girama, wọ́n sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Òfin náà sọ pé ọgbọọgba ni ipá méjèèjì. Bí tírélà ti lu kẹ̀kẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kẹ̀kẹ́ lu tírélà.

Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ni débẹ̀ tí a dákẹ́, kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń ronú yóò béèrè pé, "Bí ó bá jẹ́ ọgbọọgba, kí ló dé tí kẹ̀kẹ́ fi rún wómúwómú, tí tírélà kò ju kí iná iwájú rẹ̀ fọ́ lọ?" Ìbéèrè rere nìyẹn! Kí a ní tírélà náà wọn tọ́ọ̀nù 30, kí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú èrò inú rẹ̀ wọn kílò 600. Tírélà fi ìlọ́po 50 tóbi ju kẹ̀kẹ́ lọ. Ipá kan náà tó bá tírélà ló bá kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé kẹ̀kẹ́ fúyẹ́, eré rẹ̀ yóò yí padà lójijì ní ìlọ́po 50 ju ti tírélà lọ. Ìyípadà òjijì yẹn ló ń pa èrò inú rẹ̀ lára. Ipá dọ́gba, ohun tí ipá ṣe fún oníkálukú ni kò dọ́gba. Ẹni tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ jà dé ibí yìí kò ní gbàgbé òfin kẹta mọ́ títí ayé.

Báwo ni Mazur ṣe mú àwọn ọmọ rẹ̀ débẹ̀? Ó ṣàlàyé ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà fún wọn lẹ́ẹ̀kíní, kò yé wọn. Ó tún un ṣàlàyé lọ́nà mìíràn, ojú wọn ṣì ṣú. Nígbà tí ọgbọ́n tán, ó ní kí wọ́n yíjú sí ara wọn kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́. Kíláàsì gba ariwo kan. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti rí ojútùú rẹ̀. Láti ọdún 1991 ló ti sọ èyí di ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1997. Olúkálukú yóò kọ́kọ́ dá mú ìdáhùn tirẹ̀, lẹ́yìn náà yóò wá ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, wọn yóò jiyàn, olúkálukú yóò sì tún ìdáhùn mú. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Ẹni tó ti mọ nǹkan fún ogún ọdún ti gbàgbé ibi tó ti nira fún un. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé lánàá ṣì rántí ibi tí ó ti kọsẹ̀, nítorí náà ó lè di ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ mú níbẹ̀.

Èyí ni mo fi sọ pé kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mú ṣọ́ọ̀kì. Kí ó dìde, kí ó sọ ohun tí ó rò, kí a gbọ́ ibi tí èrò rẹ̀ ti yà kúrò lọ́nà. Bí ó bá dákẹ́ tó ń dà á kọ, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun kò gba òjé, ọ̀rọ̀ "ó yé mi" ló gbà wẹ́rẹ́.

Èdè wo ni kí ó fi sọ ọ́? Èyí tó bá dé ẹnu rẹ̀ ni. Ẹ wò ó, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ bo àìmọ̀kan mọ́lẹ̀. Ẹnìkan lè máa pe force, energy àti power bí ẹni ń ka orúkọ ìdílé, kí ó má mọ ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó fi Yorùbá sọ ọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò kọsẹ̀, nítorí agbára ni a ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Àwọn kan á ní èyí fi hàn pé Yorùbá kò tó fún físíìsì. Èmi wí pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò lè sá fún ìyàtọ̀ náà mọ́. Ó di dandan kí ó wá ọ̀rọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ẹnìkan gbé àpò ìrẹsì kílò 50 láti ilẹ̀ sórí tábìlì tó ga ní mítà kan. Ipá tí ó fi gbé e tó newton 500. Èyí ni force. Okun tí ó gbé fún àpò náà láti gbé e débẹ̀ jẹ́ joule 500. Èyí ni energy, ìbáà yára gbé e, ìbáà rọra gbé e. Bí ó bá gbé e láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì, watt 250 ni; bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, watt 50 péré. Èyí ni power: bí iṣẹ́ náà ti yá sí. Ẹ tún wo alábàárù ní Monday Market, tó ru ẹrù dúró sójú kan nínú oòrùn, tó ń dúró de oníbàárà rẹ̀ tó ń ná ọjà. Òógùn bò ó. Físíìsì ní kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí ẹrù náà, nítorí ẹrù kò kúrò níbi tó wà! Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún alábàárù, kí ẹ wo ohun tí yóò fi ojú yín rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ ti alábàárù àti iṣẹ́ ti físíìsì, ó ti borí orí kan odidi nínú ìwé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí hàn ní Ilé-Ifẹ̀. Láti ọdún 1970 ni wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ elédè Yorùbá ló ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n tún fagi lé e. Ọ̀rọ̀ kíláàsì nìyẹn, ọwọ́ wọn ló wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ti ń kàwé ńkọ́? Ọwọ́ wa ni tiẹ̀ wà. Kò sí mínísítà tí yóò yọjú síbẹ̀.

Níbi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò pàtẹ́wọ́. Wọ́n á ní, "O ṣeun! Nítorí náà, kí a fi ẹgbẹ́ ìkàwé náà mọ sí ọmọ Yorùbá nìkan." Mo ti ń gbọ́ àbá yìí lábẹ́lẹ̀. Ẹ forí jì mí, n kò bá yín lọ síbẹ̀.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìlú yìí ni a bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ìgbà ọdún nìkan ni a máa ń lọ sílé. Yorùbá la ń sọ nínú ilé, Hausa la ń sọ níta, àwọn aládùúgbò wa sì ń sọ Kanuri. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ wá láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta máa ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ti gbà á fún yín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ƙarfi tí Hausa ń pè ń ṣe bí agbára tiwa: ó kó ju ohun kan lọ sábẹ́ orúkọ kan. Ìṣòro tí ọmọ Yorùbá ní níwájú pátákó, ọmọ Hausa náà ní in. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó ti ara wọn tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa ya ipá kúrò lára agbára, ọ̀kan á pe tirẹ̀, èkejì á pe tirẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fi máa parí, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yé wọn ní èdè mẹ́ta.

N óò fún yín ní àpẹẹrẹ kan. Ọ̀rọ̀ bí omi ṣe ń gbẹ, tó sì ń gbé ooru lọ, ni a ń kà. Ọmọ Kanuri kan nínú kíláàsì wa ló ṣàlàyé rẹ̀ tó yé mi jù, ìkòkò amọ̀ ló sì fi ṣàlàyé. Omi ń là jáde lára ìkòkò, atẹ́gùn gbígbẹ ń gbé e lọ, omi tó ń lọ náà sì ń jí ooru gbé lára èyí tó kù sínú ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí omi ìkòkò fi ń tutù nínú ooru oṣù kẹrin, nígbà tí ooru ìlú yìí ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òye kan náà ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti Jigawa, lò nígbà tí ó ti ìkòkò kékeré bọ inú ìkòkò ńlá, tó fi yanrìn tútù sí àárín wọn, tó sì fi aṣọ tútù bò ó lórí. Ẹ̀fọ́ àti èso tí ì bá bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ń pẹ́ níbẹ̀ láìsí iná mànàmáná. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Ẹ gbé ìkòkò méjì yẹn lọ sí Èkó, kò ní tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé atẹ́gùn Èkó ti mu omi yó tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó dàgbà ní etí òkun lè ka orí náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó má rí ohun tí ọmọ Maiduguri ti rí láti kékeré. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ rò pé irú ènìyàn kan ṣoṣo ló dá a?

Ẹ tún rántí ibi tí a ti ń kàwé náà. Kí ni GRA? Ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ibùgbé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ara wọn ni GRA jẹ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà. Ẹni dúdú tí kì í bá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí agbowó-oṣù wọn, kí ló ń wá níbẹ̀? Lónìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Kanuri, ọmọ Bura àti ọmọ Margi ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ní Old GRA. Yóò jẹ́ ohun ìtìjú bí àwa ọmọ Oòduà bá tún dá GRA tuntun sílẹ̀ láàárín GRA àtijọ́. Kí ẹgbẹ́ wa jẹ́ olùgbàlejò. Kí a sọ Yorùbá níbi tí ẹni méjì bá ti gbọ́ Yorùbá, kí a sọ Hausa níbi tí Hausa bá ti yá, kí a sì kọ ìdáhùn ìkẹyìn ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò yóò bá wa sọ.

Òmíràn yóò ní, "Èmi ò bá wọn dá sí i, èmi a máa dá kàwé ni." Kò burú, a gbọ́dọ̀ dá kàwé ná kí a tó pé jọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Uri Treisman rí ní Yunifásítì California ní Berkeley láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ó ń wá ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú fi ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò calculus, tí àwọn ọmọ Ṣáínà sì ń yege. Àwọn kan rò pé ọ̀lẹ ló fà á, tàbí ilé tí wọ́n ti wá. Treisman tẹ̀ lé wọn, ó sì rí i pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ń kàwé gan-an, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń dá kà á. Àwọn ọmọ Ṣáínà máa ń dá kà á, wọn á sì tún pé jọ, wọn á yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọn á sọ fún ara wọn pé, "Ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀." Nígbà tí Treisman dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, tó fún wọn ní ìbéèrè tó le láti jùmọ̀ yanjú, èsì ìdánwò wọn yí padà sí rere. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Mo fẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le ju máàkì lọ ní ìpínlẹ̀ tí a wà yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, wọ́n ti ilé-ìwé girama pa ní Borno nítorí àìsí ààbò. Ní Chibok, wọ́n ṣí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin padà kí wọ́n lè kọ ìdánwò àṣejáde. Ìròyìn sọ pé ìdánwò físíìsì ni wọ́n ń múra rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn Boko Haram ya wọ inú ilé-ìwé náà ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, tí wọ́n sì kó ọmọbìnrin 276 lọ. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ja àjàbọ́ láìpẹ́ sí ìgbà náà. A tú 21 sílẹ̀ ní ọdún 2016, a tú 82 sílẹ̀ ní ọdún 2017. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá pé ní 2024, ó lé ní 80 tí a kò tíì rí. N kò dárúkọ wọn láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ọ̀rọ̀ mi. Mo dárúkọ wọn nítorí pé kí ọmọ Borno jókòó láti ka físíìsì, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ó fi san án.

Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì lónìí, inú irú àwọn ọdún bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà. Àwọn kan kàwé ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Àwọn kan fo kíláàsì méjì nítorí ilé-ìwé wọn ti jóná. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, àwọn jàǹdùkú wó òpó iná tó gbé iná wá sí Maiduguri, ọ̀pọ̀ oṣù ni ìlú fi wà lókùnkùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau ya, omi sì gbé ìwé àti ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó sẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ ìkàwé wa, tí Prof ń sáré lórí pátákó, tí gbogbo ènìyàn ń kígbe pé, "Ó yé wa!", ṣé òun ni yóò nawọ́ sókè pé kò yé òun? Ìtìjú kò ní jẹ́ kó ṣe é. Yóò dà á kọ, yóò há a sórí, yóò lọ wá ẹ́kísípò bí àyà bá ń já a. Lẹ́yìn náà a ó ní ọ̀lẹ ni.

Nítorí náà, àbá mi rèé fún ẹgbẹ́. Èkínní, kí a má ju márùn-ún lọ nínú agbo kan. Bí a bá jẹ́ ogún, kí a pín sí mẹ́rin. Èkejì, kí olúkálukú kọ́kọ́ kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú jù mú ṣọ́ọ̀kì, kí Prof jókòó, kí ó má sì sọ ju "Kí nìdí?" lọ títí di ìgbà tí gbogbo ọ̀nà bá dí. Ẹ̀kẹrin, ẹni tó bá fi ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín yóò ra omi inú ọ̀rá fún gbogbo agbo. Ẹ̀karùn-ún, kí a lo ìbéèrè àtẹ̀yìnwá fún ìbéèrè inú rẹ̀; kí ẹnikẹ́ni má gbé ìdáhùn tí a ti kọ sílẹ̀ wá. Ẹ̀kẹfà, kí a tú ká kí ilẹ̀ tó ṣú, kí olúkálukú lè délé ní àlàáfíà.

Ẹ̀yin Prof wa, ẹ má rò pé mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ tó le jù ni mo gbé fún yín: kí ẹ gbọ́ àṣìṣe láìsáré tún un ṣe. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ́tí, ẹ óò gbọ́ ìbéèrè tí ẹ̀yin fúnra yín kò ronú kàn rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwọn kan yóò ní àkókò kò tó fún irú èyí. Òótọ́ ni pé ọ̀nà yìí kò yá. Níbi tí Prof ti lè yanjú ìbéèrè ogún, agbo márùn-ún yóò yanjú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nínú ogún tí a dà kọ, mélòó ni a ó rántí bí olùkọ́ bá yí tírélà padà di ọkọ̀ ojú irin? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìdánwò dípò ọjọ́ mẹ́ta, àkókò yóò tó.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó tún pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Kí ẹnikẹ́ni tí físíìsì bá rú lójú máa bọ̀, Yorùbá o, Kanuri o, Hausa o, Bura o. Kí ó mú bírò àti ìwé rẹ̀ dání. Ṣọ́ọ̀kì yóò wà nílẹ̀, òun la ó sì kọ́kọ́ nà án sí.